Ìdajì Ìwé Tí Ṣàrífátù Bò

Wọ́n rẹ́ Casimir Ribalta jẹ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò báàkì ní ìtàn, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní àdúgbò Akpakpa, kí wọ́n tó gba kíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé e fún Ṣàrífátù, ọmọ alápatà láti Sakété.

Láti kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni Casimir ti ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ náà. Lọ́jọ́ kan ó lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ṣàrífátù gbé kóòtù àlòkù kan tó rà ní ọjà Missèbo dání, ó yí inú rẹ̀ síta.

"Iwájú rẹ̀ ń dán, àbí? Inú lẹ ti máa rí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn rí."

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ò pàtẹ́wọ́ fún Casimir rí.

Lọ́jọ́ kejì, Ṣàrífátù lẹ ẹ̀dà ìwé ìrìbọmi kan láti Bàhíà, lókè òkun, mọ́ ara ògiri kíláàsì. Orúkọ Ribalta hàn lókè. Ó fi páálí bo ìsàlẹ̀. Casimir lọ pe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.

"Ìtàn ilé wa ló ń fi páálí bò, ọ̀gá. Ribalta oníṣòwò ẹrú ló bí Casimiro ní 1859. Casimiro ló ti ibẹ̀ wá síbí, òun ló bí bàbá bàbá mi, orúkọ Casimiro yìí ni mò ń jẹ́. Àwa la ta ènìyàn, wọn ò tà wá! Kí ló kan ọmọ alápatà níbẹ̀?"

"Bó bá ń fi nǹkan pamọ́ lóòótọ́," ni ọ̀gá wí, "kíláàsì á padà sọ́wọ́ rẹ."

Àwọn méjèèjì jọ wọ kíláàsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ni Ṣàrífátù wí, "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó ní ọ́fíìsì, èmi pẹ̀lú yín nìkan."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́? Ẹran ni bàbá rẹ ń tà, kì í tàwé."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ Casimir nínú. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ já páálí náà, ó ní kí Yasmine tó jókòó níwájú ka ìtumọ̀ tí Ṣàrífátù kọ sábẹ́ ìwé náà, kó kà á sókè.

"'Casimiro, ọmọ oṣù mẹ́ta, ọdún 1859. Bàbá rẹ̀: Joaquim, ẹrú Ribalta. Ìyá rẹ̀: Àìná, ẹrú Ribalta, tí wọ́n rà ní Wídà. Orúkọ olówó wọn ni ọmọ náà ń jẹ́.'"

"Tún un kà," ni Casimir wí, ṣùgbọ́n Yasmine yíjú sí Ṣàrífátù.