Wọ́n Ní Akúdàáyà Wà ní Ajue

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ka ìdajì lè rò pé ọ̀rọ̀ eré ni.

1.
Oyèlọlá ń ránṣọ lẹ́bàá gáréèjì ní Ore. Tàófíìk ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì láti Ore sí Odigbo. Oyèlọlá yìí ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí Wasáàpù fún àwọn tó ń ka ìtàn aláwòrán kan lórí fóònù, irú èyí tí ẹni tó ń kà á máa ń tẹ ohun tó fẹ́ kí ẹni inú àwòrán ṣe. Ọjọ́ Jímọ̀ ni apá tuntun máa ń jáde.

Nínú ìtàn náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fọlárìn wọ ìlú, ó gbéyàwó, àmọ́ kò jẹ́ kí ìyàwó mọ ibi tó ti wá. Ìyẹn ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́.

"Olè ni," Oyèlọlá kọ ọ́. "Ọlọ́pàá ló ń sá fún."

Eli tó ń tún fóònù ṣe dáhùn pé, "Ó ti níyàwó nílé ni jàre. Àǹtí Lọlá, ẹ ò tíì mọ ọkùnrin."

Bọ́látitó, ọ̀rẹ́ Oyèlọlá tó ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ní tirẹ̀ sọ pé, "Akúdàáyà ni. Ó ti kú níbòmíràn, ó wá ń gbé níbí bí alààyè. Ẹ wò ó níbi tó dúró sí nínú oòrùn, kò ní òjìji."

"Ẹni tó ya àwòrán ló gbàgbé," ni Oyèlọlá wí. "Bọ́lá, má fi òkú dẹ́rù bà wá."

2.
Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Ẹ̀gbọ́n Fọlárìn pàdé rẹ̀ lọ́jà, ó pe orúkọ rẹ̀, Fọlárìn sì pòórá, aṣọ rẹ̀ nìkan ló kù nílẹ̀. Ariwo sọ nínú ẹgbẹ́ pé Bọ́látitó ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí Bọ́látitó wá máa ṣe olórí àwọn. Kódà ẹni tó ń kọ ìtàn náà kí i torúkọtorúkọ.

Oyèlọlá kọ "O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi," ó sì gbé fóònù dojú bolẹ̀. Òun tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rántí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìgbéyàwó Bọ́látitó náà ti kù sí dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú Ìgbẹ́kẹ̀lé, ọmọkùnrin oníwà tútù kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá dá oko kòkó ní Ajue. Gbogbo rẹ̀ ń dùn fún Bọ́lá. Ẹ̀yin ará, ìlara kì í kan ilẹ̀kùn. Inú egungun ló ti máa ń jẹra bọ̀ wá síta.

3.
Oyèlọlá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́: "Ẹ ò bi ara yín léèrè ibi tí Bọ́lá ti mọ ọ̀rọ̀ òkú tó báyìí? Ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà ní Ajue, ta ló mọ bàbá rẹ̀? Ta ló dé ìlú rẹ̀ rí? Ẹ bá mi wo òjìji rẹ̀ o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan fi ohùn náà ránṣẹ́ sí Ajue, àwọn ará Ajue kò sì mọ Fọlárìn kankan. Ohùn nìkan ni wọ́n gbọ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún Ìgbẹ́kẹ̀lé lọ́nà oko. Onílẹ̀ ní kí ó máa lọ, torí àwọn ọmọ òun ò fẹ́ dé oko mọ́. Bàbá Bọ́látitó ní kò sí ìgbéyàwó.

Bọ́látitó wá bá Oyèlọlá ní ṣọ́ọ̀bù. "Lọlá, dákun, bá mi sọ fún wọn pé o kàn ń ṣeré ni."

"Ta ni ò mọ̀ pé mò ń ṣeré?"

"Bàbá mi ò mọ̀."

Oyèlọlá ń tẹ ẹsẹ̀ máṣìnnì lọ. "Ìwọ lo mọ̀ nípa akúdàáyà ju gbogbo wa lọ. Lọ ṣàlàyé fún bàbá ẹ."

Bọ́látitó yí padà, ó lọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé mú bàbá Bọ́látitó dé ìlú tirẹ̀, bàbá fojú rí ìyá tó bí Ìgbẹ́kẹ̀lé, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó wọn níbẹ̀.

4.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti wọ Ore, àlejò ló sì pọ̀ jù ní Ore. Ní gáréèjì, ìyá àgbàlagbà kan jókòó sínú bọ́ọ̀sì Tàófíìk, ó bi í pé, "Dírẹ́bà, ọmọ ìlú ibo ni ọ́?"

"Ọ̀nà jìn, ìyá."

"Ta ló mọ àwọn èèyàn rẹ níbí?"

"Èmi nìkan ni mo wá, mà."

Ìyá sọ̀kalẹ̀. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. "Èmi ò wọ mọ́tò òkú," ni ó ń wí bó ṣe ń lọ. Láti ìgbà náà ni bọ́ọ̀sì Tàófíìk kò ti rí èrò mọ́.

Sàídù, awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀rẹ́ mi, wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀." Ó tẹ ohùn náà fún un gbọ́.

Tàófíìk tẹ́tí. "Tún un tẹ̀," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyàwó mi nìyẹn."

Oyèlọlá kúnlẹ̀ nílé. "Ọkọ mi, n ò bá yín wí. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni mo sọ."

"Kí ni ìyàtọ̀ èmi àti Ìgbẹ́kẹ̀lé? Ìwọ náà, Lọlá, ta lo mọ̀ nínú ẹbí mi?"

Ó gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀, ó wá ìlú mìíràn lọ.

5.
Oyèlọlá sunkún sínú ẹgbẹ́ rẹ̀: "Ọkọ mi bínú lọ ni. Ó wà láàyè. Mo pè é láàárọ̀ yìí, ó gbé e."

"Fọlárìn náà ń gbé fóònù," ni ẹnì kan dáhùn.

Ẹlòmíràn ní, "Wọ́n ṣáà bi í ní ìlú rẹ̀, ó sì pòórá."

Bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí ìtàn ni wọ́n ń jiyàn lórí ilé rẹ̀, títí kan Eli. Àwọn oníbàárà wá kó aṣọ wọn láìtíì rán. Ó pe Tàófíìk, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá, kí àwọn èèyàn kàn fojú rí i.

"Kí n wá máa yí gáréèjì ká, kí n máa fi hàn pé mi ò tíì kú?" ni Tàófíìk wí. "Lọlá, mi ò lè ṣe é." Ó pa fóònù.

Oyèlọlá ti ṣọ́ọ̀bù pa. Títí dòní, opó akúdàáyà ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ ń jẹ, ó ń mu níbi tó wà.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, ṣọ́ ẹnu rẹ, ṣọ́ fóònù rẹ. Bí Olúwa bá gbé ọ̀rẹ́ rẹ ga, bá a yọ̀, kí o má ṣe wá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ tú. Ọlọ́run tó dá wa kò ní kí ẹnikẹ́ni kú lẹ́ẹ̀mejì, má fi ahọ́n rẹ pa alààyè. Àwọn àgbà ti wí i: ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.