Pupuru Ọjọ́ Kan

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ilé yín ni.

Lọ́dún 1996, tísà kan tó ti Ìṣẹ́yìn wá ń gbé ní Erinje, nítòsí Òkìtìpupa. Gbádégẹṣin lorúkọ rẹ̀. Òun, Morónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ àti Tóyọ̀sí ọmọ wọn gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n gbin ẹ̀fọ́, wọ́n ń sin adìẹ, wọ́n ń fún epo tiwọn. Ó ní òun ò ní ra oúnjẹ lọ́jà mọ́. N kò ní purọ́, inú mi dùn sí i.

Àmọ́ ẹnu Tísà ò mọ níwọ̀n. Nígbà tí ìkórè ìjọ wọn ku ọjọ́ mẹ́ta, ó dìde láàárín ìjọ, ó ní pupuru oko òun, òkèlè ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ni gbogbo wọn yóò jẹ. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ náà ṣì wà nínú ilẹ̀!

Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ̀gẹ́ pupuru ń lò nínú omi kó tó rọ̀, kí wọ́n tó fún un, kí wọ́n tó mọ ọ́n rìbìtì, kí wọ́n sì yan án gbẹ lórí iná. Tísà rẹ tirẹ̀ fún ọjọ́ kan péré. Kò rọ̀, ó bá gún un lódó.

Ìyá Aníwúrà, aládùúgbò wọn, yọjú wo odó. "Tísà, ẹ̀gẹ́ kíkorò lẹ gbìn. Omi ọjọ́ kan ò lè fa oró rẹ̀ jáde."

"Màmá, iná á pa oró náà. Mo kàwé."

Morónkẹ́ bẹ̀ ẹ́. "Bàbá Tóyọ̀sí, ẹ jẹ́ ká ra pupuru."

"Kí wọ́n lè fi mí ṣẹlẹ́yà?"

Lọ́jọ́ ìkórè, Morónkẹ́ dúró ti abọ́ oúnjẹ, ó sọ fún ìjọ pé, "Ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ̀gẹ́ yìí ò rẹ tó." Gbogbo ọwọ́ dúró. Ojú ti Tísà, inú sì bí i. Ó bu pupuru kún àwo.

"Ẹ máa wò mí."

Ó jẹ ẹ́ tán. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n gbé e, ó di ilé ìwòsàn l'Ókìtìpupa. Kò débẹ̀ láàyè.

Àwọn ẹbí rẹ̀ dé láti Ìṣẹ́yìn. "Morónkẹ́, fi oko burúkú yìí sílẹ̀, ká máa lọ."

"N ò lọ. Oko ò ṣe é ní nǹkan kan. Ìgbéraga ló pa á. Ibí ni màá ti bọ́ ọmọ mi."

Kò sì lọ. Ìyá Aníwúrà ló kọ́ ọ níṣẹ́ pupuru, ọjọ́ mẹ́rin gbáko nínú omi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ dáko. Ẹ bọ́ ara yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìwé tí ẹ kà fojú tẹ́ńbẹ́lú àgbà tó ti ń se oúnjẹ náà láti kékeré. Ẹ fi ìtàn yìí han ẹni tó ń kánjú. Abèèrè kì í ṣìnà.