Epo Tó Há Sínú Páìpù

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fetí sí mi dáadáa. Obìnrin olùkọ́ kan wà ní Ìsẹ́yìn, Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀. Ó mọ̀wé, ó sì mọ ìtọ́jú òbí, àmọ́ kò ní sùúrù rárá. Bí ó bá ti ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n tán nìyẹn.

Bàbá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríran mọ́. Oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi dúró kí wọ́n tó rí ọjọ́ gbà lọ́dọ̀ dókítà ojú kan ní Ìbàdàn. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n dá fún wọn, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá pẹ́ yóò tún lọ dúró de ọjọ́ mìíràn. Ìbídùn gbé bàbá sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ tó ti gbó, wọ́n gbéra láàárọ̀ kùtù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Mọ́níyà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó gbọ̀n jìgìjìgì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú pátápátá. Àwọn èèyàn bá a tì í dé ọ̀dọ̀ mekáníìkì kan tó ń jẹ́ Súbérù.

Súbérù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí Ìbídùn yí kọ́kọ́rọ́, ó gbọ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí láì dìde. Ó ní, "Ó jọ pé epo kò dé ibẹ̀ bó ṣe yẹ, màmá. Mo máa fi gééjì wo agbára tó fi ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù ná, kí n sì kọ́kọ́ tú agbára tó wà nínú páìpù sílẹ̀. Kò ní tó wákàtí kan."

Ìbídùn wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago ti lé díẹ̀ ní mẹ́jọ. "Wákàtí kan kẹ̀? Ọ̀gá Súbérù, ẹ ṣáà tú páìpù yẹn. Mo ti tú irú ẹ̀ rí nígbà tí mo ń wa ọkọ̀ àtijọ́ oníkábúrétọ̀. Epo kàn rọra ń kán sílẹ̀ ni."

"Èyí yàtọ̀, màmá. Páńpù ló ń ti epo inú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kú pàápàá, epo ṣì há sínú páìpù, ó ń wá ibi tí yóò gbà jáde. Bó bá tú sára ẹ́ńjìnì gbígbóná, iná ni. Ẹ jẹ́ kí bàbá sọ̀ kalẹ̀, kí n lọ mú gééjì àti apaná wá."

Bó ti kọ ẹ̀yìn, Ìbídùn wo aago. Ó wo ọ̀nà Ìbàdàn. Ó tún wo aago. Oṣù mẹ́rin mìíràn ló ń rí lọ́ọ̀ọ́kán, ojú bàbá rẹ̀ á sì ti fọ́ pátápátá kó tó pé. Kò tilẹ̀ rántí sọ fún bàbá kó sọ̀. Sípánà kan tí Súbérù fi sílẹ̀ wà nítòsí. Ó mú un, ó fi há ẹnu páìpù, ó fà á.

Fìììììn! Epo tú sí i lójú. Ojú méjèèjì ń ta á bí ata, kò rí nǹkan kan mọ́. Ó ń gbọ́ bí epo ṣe ń hó lórí irin gbígbóná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Nígbà náà ló rántí ẹni tó wà nínú ọkọ̀.

"Bàbá! Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ẹ tètè sọ̀!"

"Ìbídùn, ibo ni wọ́n ti ń ṣí i?"

Ó ń tá ràrà, ó ń fọwọ́ wá ilẹ̀kùn, kò mọ ibi tó kọjú sí. Súbérù ló sáré dé, ó fa bàbá jáde, ó wọ́ Ìbídùn tẹ̀ lé e. Wọn kò tíì jìnnà tí iná fi sọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọpẹ́lọpẹ́ apaná tó wà lọ́wọ́ Súbérù, wáyà nìkan ló jó.

Wọ́n bu omi sí Ìbídùn lójú títí, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bàbá jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣé o ń rí mi?"

"Mi ò rí yín, bàbá mi," ó ní, ó sì bú sẹ́kún.

Ọjọ́ kẹta ni ojú rẹ̀ tó là. Ṣùgbọ́n ọjọ́ dókítà ti lọ, oṣù márùn-ún ni wọ́n tún dá fún bàbá. Nígbà tí Súbérù tún wáyà ṣe tán, Ìbídùn dúró lókèèrè, ó ń wò ó. Ọkùnrin náà yọ fíúùsì páńpù kí páńpù má baà tún ti epo wá, ó yí ẹ́ńjìnì kí ó lè fa epo tó kù nínú páìpù mu. Ó yọ orí bátìrì, ó fi àkísà wé ẹnu páìpù, ó rọra tú u. Díẹ̀ ló kán sára àkísà. Ó so gééjì mọ́ ọn, ó dá fíúùsì àti bátìrì padà, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ gééjì kò gòkè. Asẹ́ epo ló dí. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ dìde. Gbogbo rẹ̀ kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ìbídùn wo aago rẹ̀, ó sorí kọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró. Ìkánjú kì í sọ ọ̀nà di kúkúrú, ewu ló ń bù kún un. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.