Ìwé Ìbí Ajíbọ́lá

Kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tó lù, ìwé ìbí gbọ́dọ̀ ti dé ilẹ̀ Faransé. Ohun tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rọ́gbì kan níbẹ̀ kọ sínú lẹ́tà nìyẹn: ìwé ìbí, fọ́tò, ìbuwọ́lùwé. Wọ́n á san owó oṣù, wọ́n á pèsè yàrá. Ẹni tó bá ti lé ní ogún ọdún, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Ọláòtán ti pé mẹ́rìnlélógún. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń gbá rọ́gbì ní Ìkòròdú. Òun ló kọ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Ajíbọ́lá, bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù náà mọ́yà sáré.

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù Fọláwùmí, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé. Ìyá wọn, Mùlíkátù, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọ̀rá kan há abíyá. Ìwé ìbí Ajíbọ́lá ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Ajíbọ́lá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama. Ìyá rẹ̀ ti ní kó lọ bá wọn kó ẹja ní Ẹ̀jìnrìn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

"Màámi, ṣé ẹ ti bi í?" Fọláwùmí béèrè.

"Kí n bi í ní kí ni? Ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ la ọ̀nà. Tó bá débẹ̀, á fa àbúrò rẹ̀."

"Orúkọ rẹ̀ la fẹ́ gbà yẹn o."

"Ṣé orúkọ máa ń tán ni?"

Fọláwùmí yíjú sí Ọláòtán. "Bọ̀ọ̀dá mi, irùngbọ̀n yìí ńkọ́? Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún wo ló ní irùngbọ̀n bíi ti lèmọ́mù?"

Ọláòtán rẹ́rìn-ín. Ó lọ fá a ní òdìkejì títì. Nígbà tó padà dé, ìyá wọn pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wò ó! Ojú kan náà."

Fóònù Fọláwùmí dún. Ajíbọ́lá ni.

"Sìstá mi, ìwé tí mò ń retí ńkọ́?"

Fọláwùmí wo ìyá rẹ̀. Ìyá náà mi orí pé rárá.

"Kò tíì dé. Ṣe sùúrù."

"Sùúrù kẹ̀! Gbogbo ara mi ti ń rùn bí ẹja o."

Ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, Fọláwùmí fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́.

Nígbà tí Ajíbọ́lá dé tó gbọ́, ó di ọrùn aṣọ Ọláòtán mú. Ìyá wọn ní ìwé ìbí kò tó ohun tí ọmọ ìyá ń tìtorí ẹ̀ jà. Lóṣù kẹta, Ọláòtán wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Orí bẹ́ǹṣì ló ti wo ìdíje àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé, kóòṣì ní ó dà bíi pé òtútù ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fún un láyè kí ara rẹ̀ móoru. Wọ́n fún un ní sáà kan sí i. Ní sáà kejì, èjìká rẹ̀ yẹ̀, wọn kò sì tún àdéhùn rẹ̀ ṣe. Ó ń to páálí nínú ilé ìkẹ́rùsí kan lọ́hùn-ún báyìí, orúkọ Ajíbọ́lá ló wà láyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ajíbọ́lá fúnra rẹ̀ ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò; òun ni àwọn ará Faransé rí nínú fídíò tí Fọláwùmí fi ránṣẹ́ sí wọn, òun sì ni wọ́n kọ lẹ́tà náà sí.