Tíṣà Tó Pín Ẹrù Rẹ̀ Kí Ó Tó Gba Ìwé Ẹ̀rí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ wá fi sílẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìparí ni ìkìlọ̀ wà. Pàápàá ẹ̀yin tíṣà tí ẹ fẹ́ lọ kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lókè òkun, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Jemimah ń gbé ní Ijoko, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ìjù. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ilé ìwé kan ní Thailand fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí fídíò, inú wọn sì dùn sí i. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ fi ìwé ẹ̀rí pé ó kẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń kọ́ àjòjì ní Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́, kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ètò físà.

Kò ní ìwé náà. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ nínú ara rẹ̀: "Mo kàwé jáde ní yunifásítì, mo ti kọ́ ọmọ títí. Èwo ni ti sátífíkéètì? Tí físà bá ti ń bọ̀, màá sáré ṣe é."

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

2.
Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó jáde síwájú ìjọ, ó jẹ́rìí pé òun ti ríṣẹ́ sí Thailand. Pásítọ̀ Amos ní kí wọ́n ṣe ìsìn ìdágbére fún un. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹ ráìsì, wọ́n jó. Jemimah kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù.

Bó ṣe máa ń rí ládùúgbò wa nìyẹn: ẹni tó ń lọ òkè òkun kì í gbé ìkòkò dání. Akọrin kan gba fóòmù tó ń sùn lé, ẹlòmíràn gba fáànù. Sítóòfù gáàsì bọ́ sọ́wọ́ Ìyá Mùbárákà, alábàágbé rẹ̀ tó ń ta ike ní Sango.

Ìyá náà wo sítóòfù, ó wo Jemimah. "Tíṣà, físà ti jáde ni?"

"Ó ń bọ̀, mà."

"Sátífíkéètì tí o ní wọ́n ń bèèrè ńkọ́?"

Jemimah rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà máa fi dáná, kẹ́ ẹ máa rántí mi."

"Alihamudulilahi," ni Ìyá Mùbárákà wí, ó sì gbé sítóòfù wọlé.

3.
Ilé ìwé náà tún bèèrè ìwé ẹ̀rí. Jemimah sáré forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó rò pé iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan ni. Iṣẹ́ àṣetiléwá pọ̀ lọ jàra, ìdánwò wà, wọ́n tún ní kó wá àwọn àgbàlagbà tí yóò kọ́, kí àwọn máa wò ó. Ó bẹ àwọn ará Thailand pé kí wọ́n dúró. Wọ́n fi sùúrù dá a lóhùn pé sáà tuntun ti wọlé, àwọn ti mú ẹlòmíràn.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó jókòó sórí símẹ́ńtì nínú yàrá òfìfo, ó sunkún. Iṣẹ́ Ìjù ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ojú sì ń tì í, nítorí gbogbo ìjọ rò pé ó ti lọ. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ ra búrẹ́dì, tó fi ìborùn bojú. Nídìí búrẹ́dì náà ni Pásítọ̀ Amos ti bá a.

"Sístà Jemimah, ṣé Thailand ti wá dé Ijoko ni?"

Jemimah fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló bọ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí oníbúrẹ́dì fi bá wọn dá sí i.

4.
Nígbà tí Ìyá Mùbárákà gbọ́, kò bá a wí. Abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná ló gbé wá. "Sítóòfù ẹ ló sè é. Jẹun, kó o padà sídìí ìwé ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà bèèrè àgbàlagbà, òun àti àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́ sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Kò pẹ́ tí Ìyá Mùbárákà fi ń fi Gẹ̀ẹ́sì ná ọjà pẹ̀lú àwọn ará Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀tà. Ẹ ò rí bó ṣe ń yan kiri.

Ìwé ẹ̀rí jáde. Jemimah fi ránṣẹ́ sí ilé ìwé kan ní Vietnam, wọ́n gbà á síṣẹ́, físà sì tẹ̀ lé e.

5.
Nígbà tí ìrìn àjò kù fẹ́ẹ́fẹ́, Jemimah wọ́ fóòmù tuntun tó rà dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Mùbárákà. Ìyá náà na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Dúró níbẹ̀. Sátífíkéètì dà?"

Jemimah fi hàn án.

"Físà dà?"

Ó fi ìyẹn náà hàn án. Ìyá Mùbárákà gbé e sókè síbi iná gílóòbù, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ọlọ́pàá.

"Ó dáa. Gbé fóòmù wọlé." Ó wá dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gba ìwé ẹ̀rí yín kí ẹ tó wá iṣẹ́, ẹ má dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá ń pè yín. Ẹ má fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀, ẹ má sì pín ẹrù, títí físà yóò fi dé ọwọ́ yín. Jemimah rí ẹni tó fi sítóòfù rẹ̀ sebẹ̀ fún un. Ẹni tí ẹ̀yin máa gbé tiyín fún lè kó lọ sí Alapoti lọ́hùn-ún lọ́jọ́ kejì, tòun ti sítóòfù yín.