Ẹni Tó Kọ́kọ́ Wọ Àpótí

Nígbà tí Mọ́gàjí àtijọ́, olórí ẹbí, kú, owó ẹbí há sí báńkì fún ọdún méjì, torí òkú kì í fọwọ́ síwèé. Ẹni tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kú, owó tún há. Nítorí náà, nígbà tí agbo ilé náà ní Bẹyẹrúnkà ta ilẹ̀ wọn kan láti fi gbé Muslimat, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn ní Íńdíà, àwọn àgbà sọ pé báńkì ti sú àwọn. Wọ́n pe Gàníyù, ọmọ ilé tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ó kọ kóòdù kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń tọ́jú dọ́là láìsí báńkì kankan níbẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ bíi Mọ́gàjí nìkan ló lè kówó jáde. Àpótí ni wọ́n ń pè é.

"Má jẹ́ kí òkú tún mú kọ́kọ́rọ́ lọ," ni Bàbá Yẹ̀kínì, Mọ́gàjí tuntun, kìlọ̀ fún un. "Bí mo bá kú láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé lè fi orúkọ ẹni tó kàn síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Bí wọ́n ṣe wí náà ni Gàníyù ṣe é.

Kúbúrá, àbúrò ìyá Muslimat, ló rí àṣìṣe náà. Ó ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù ní Bẹẹrẹ, ó sì ń ka ti Gàníyù kó lè fi kọ́gbọ́n. Ìlà tó ń pààrọ̀ orúkọ Mọ́gàjí kò bèèrè ẹni tó ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú ilé làwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ọmọ ilé yàtọ̀ sí àlejò. Ẹni tó wà ní Ṣáínà lè sọ ara rẹ̀ di Mọ́gàjí Bẹyẹrúnkà, kó sì kó gbogbo owó lọ.  Ó ku ọjọ́ márùn-ún tí wọn yóò sanwó ọsibítù.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló lọ bá Gàníyù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mólété.

"Bọ̀dá, ìlẹ̀kùn àpótí wa ṣí sílẹ̀ o. Ẹnikẹ́ni ló lè wọ̀ ọ́."

Gàníyù wo ìlà náà títí. 

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan."

"Má sọ fẹ́nì kankan. Má sì fọwọ́ kàn án. Àwọn kan wà tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú owó bẹ́ẹ̀ jáde ní kọ̀rọ̀. Mo máa kọ̀wé sí wọn. Tó bá fi máa di Jímọ̀, wọ́n á ti gbé e."

"Èmi náà lè gbé e lónìí, Bọ̀dá."

"Mo ní má fọwọ́ kàn án."

Kò ṣàlàyé kankan. Bí Kúbúrá ṣe ń jáde, ó rí ọkọ̀ tuntun kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rá ṣì wà lórí àga rẹ̀. Gàníyù yìí kan náà ló yá owó ìrẹsì lọ́wọ́ ìyá Kúbúrá nígbà ààwẹ̀.

Nígbà tó di Jímọ̀, Gàníyù ní àwọn èèyàn náà tọrọ ọjọ́ mẹ́ta sí i. Ní Sátidé, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, Kúbúrá jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Zulaihat, tó ń dirun fún ọmọ rẹ̀ Muslimat nítorí ìrìn àjò. Kójú má ríbi, gbogbo ara loògùn ẹ̀. Kúbúrá kọ iṣẹ́ tó fẹ́ rán sí àpótí náà: kó fi orúkọ òun sí ipò Mọ́gàjí, kó sì kó gbogbo owó sọ́dọ̀ òun. Ó pinnu láti san án fún ọsibítù kí ilẹ̀ Mọ́ńdè tó mọ́. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá rán síbẹ̀ ń kọ́kọ́ tò ní gbangba kó tó wọlé, ẹni tó bá sì san owó ìwọlé tó pọ̀ jù ló ń ṣáájú. Kúbúrá san èyí tó kéré jù, bó ṣe máa ń ṣe. Ó ṣe bìsìmílà, ó tẹ̀ ẹ́.

Èsì dé pé àpótí ti ṣófo.

"Àǹtí," ló wí, "Bọ̀dá Gàníyù ti kó o."

Wọ́n mú Gàníyù dé iwájú Mọ́gàjí kí wọ́n tó kírun Àsárì. Ó fi Kùránì búra. Ó ní ọkọ̀ náà, oníbàárà kan ló gbé e síbẹ̀. Ó ní fóònù òun ló bàjẹ́.

"Ṣé ẹnì kankan fọwọ́ kan àpótí náà lónìí?" ló bèèrè.

 Lójú Kúbúrá, ẹni tó débẹ̀ tí kò bá nǹkan kan kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó kàn tún ìtàn ọkọ̀ àti fóònù sọ fún gbogbo ilé, wọ́n sì gbà á gbọ́. Mọ́gàjí ní Gàníyù kò gbọdọ̀ tẹ agbo ilé mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ òkú òun ni wọ́n ń sin. Ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù lọ sí Kúdẹtì, ó sì kó àwọn ọmọ dání.

Muslimat kú ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Zulaihat kò lè tú irun ọmọ náà kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin mìíràn ló bá a tú u.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ọlọ́pàá ní àwọn fẹ́ ẹ̀rí kí àwọn tó lè ti Gàníyù mọ́lé, Kúbúrá bá ṣí àkọsílẹ̀ àpótí náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti da iṣẹ́ tí olè rán kọ.

Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ló bá níbẹ̀, lẹ́tà dé lẹ́tà, tí ẹ̀rọ olè kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tó ń ṣọ́ àwọn iṣẹ́ tó tò ní gbangba, ti dà kọ, tó yọ orúkọ Kúbúrá tó fi tirẹ̀ sí i, tó sì sanwó jù ú lọ kó lè ṣáájú rẹ̀ wọlé. Kí ó tó di àárọ̀ Sọ́ńdè náà, kò sí ẹni tó tíì kan ìlẹ̀kùn yẹn rí.