Bọ́tìnì Olówùú Pupa

Ní ọjà Kantamanto, "òyìnbó ti kú" ni wọ́n ń pe aṣọ òkìríkà. Araba kì í ta tiẹ̀ bó ṣe wà. Á tú u, á gé e, á rán ọ̀kan mọ́ ọ̀kan, á sì di aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò ní irú rẹ̀. Ebo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń bá a wá ọjà. Ìdájí ló máa ń gbé e dé nínú àpò. Aṣọ á ti rin, á sì máa rùn káfúrà.

"Òjò ló pa bélì tí wọ́n di aṣọ náà sí," Ebo á wí. "Ìwọ ṣáà ti gé e wẹ́wẹ́."

Kóòtù dúdú kan wà tó wu Araba débi pé kò lè gé e. Ó fọ̀ ọ́, ó dín in kù, ó sì ń wọ̀ ọ́. Nii Lante ayàwòrán rí i, ó ní kó jókòó kí òun yà á, kí aráyé lè mọ̀ pé aṣọ àlòkù kì í ṣe pàǹtí. Gbogbo rẹ̀ ló yà, títí dórí bọ́tìnì òkè tí wọ́n fi òwú pupa rán.

Nígbà tí Ebo gbọ́, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló ní kó o wọ̀ ọ́? Ṣé mi ò ní kó o gé e ni?"

"Bọ̀dá Ebo, ṣé ẹ jí i ni?"

"Ta ló ń bèèrè ẹ̀?"

Lọ́jọ́ tí wọ́n pàtẹ àwòrán náà, ìyá kan tó wọ aṣọ dúdú dúró níwájú rẹ̀, kò kúrò. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dé. Ẹ̀rù ba Araba. Lílù ni wọ́n ń lu olè pa lọ́jà wọn.

"Araba, sún mọ́ bí!" Nii Lante ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá yìí fẹ́ràn kóòtù ẹ ju iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ."

Araba sún mọ́ wọn. Ìyá náà na ìka sí bọ́tìnì òkè kóòtù tó wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ọmọ mi, níbo lo ti rí i?"

"Inú bélì ni, Maame. Òyìnbó ti kú ni."

"Mo mọ̀. Ọjà yín náà ni mo ti rà á fún ọkọ mi. Bọ́tìnì yìí já, mi ò rí òwú dúdú, ni mo bá fi pupa rán an."

"Bóyá wọ́n jí i níbi tẹ́ ẹ sá a sí." Araba ti ń bọ́ kóòtù náà lọ́rùn. "Ẹ jọ̀ọ́, Maame, ẹ má pariwo olè lé mi lórí. Ẹ gbà, tiyín ni."

Ìyá náà kò pariwo. Ó ń fà sẹ́yìn ni, kò jẹ́ kí aṣọ náà kan òun.

"Ọmọ mi, èmi fúnra mi ni mo de bọ́tìnì yẹn mọ́ ọkọ mi láyà, kí wọ́n tó kan ìdérí pósí rẹ̀."